Ọdún Méjìlá Tí Dádì Gé

Nínú ìwé, màmá mi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Tí ẹ bá ṣí páàsípọ́ọ̀tù àwọn méjèèjì, ẹ máa rí i pé ọdún mẹ́fà ni Mọ́mì fi ju Dádì lọ. Ní tòótọ́, Dádì ló fi ọdún mẹ́fà ju Mọ́mì lọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ti mọ iye tí Dádì gé: ọdún méjìlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé e. Wọ́n kọ́kọ́ gé díẹ̀ l'Ékòó, nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní àwọn ò gba ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n tún gé díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n ń wá fíìsà, torí ẹni tó ń bá wọn ṣètò ní àgbàlagbà kì í sọ pé òun ń lọ kàwé. Wọ́n lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n búra, akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i, ó parí.

Mi ò sọ ọ́ láti fi bú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti ọ́fíìsì, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì léèrè. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ọdún méjìlá yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ àbúrò mi.

Èmi mọ̀ torí pé Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí èmi àti Mọ́mì wá bá Dádì ní Woolwich, nílùú London. Kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, wọ́n so okùn bàtà mi, wọ́n ní, "Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni Dádì ẹ, sọ pé o ò mọ̀. Ṣó o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti mọ̀. Àbúrò mi ní tiẹ̀, London ni wọ́n bí i sí, wọn ò sì sọ fún un rárá. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí tíṣà bá bi í, á dáhùn. Nínú ilé ẹni mẹ́rin, àwa mẹ́ta la mọ̀, ẹnì kẹrin sì ń ra káàdì ọjọ́ìbí tí nọ́ńbà orí rẹ̀ kì í bá òótọ́ mu.

Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ò mọ̀ pé ó rẹ èèyàn. Dádì ń wa bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń kó àwọn arúgbó. Láàárọ̀, wọ́n á lọ kó wọn káàkiri Abbey Wood àti Thamesmead, wọ́n á gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán tí wọ́n sì ti ń ta káàdì, nírọ̀lẹ́ wọ́n á dá oníkálukú padà sílé. Dádì ló ń ti ẹni tó bá wà lórí àga onítáyà, àwọn ló ń di ẹni tí ò lè dá dìde mú lápá. Púpọ̀ nínú àwọn arúgbó yẹn, àbúrò Dádì ni wọ́n. Tí Dádì bá wọlé, wọ́n á ní, "Mo ti gbé àwọn àgbà délé o." Mọ́mì á gbójú sókè láti ìdí ìkòkò, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọmọdé." A máa ń rẹ́rìn-ín. Ìwé ní Dádì ò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ, owó ìfẹ̀yìntì ṣì jìnnà. Ní tòótọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni wọ́n. N kì í ronú sí i. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí n kì í ronú sí nílé wa, bí mo ṣe ń rí oorun sùn nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi wà nínú lábù kan láàárín ìlú. Ògiri iṣan ni a ń yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Mọ́mì, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n sì bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń sanwó fún mi. Mo ní, iṣan ńlá kan wà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkàn, tó gba àyà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ikùn. Lára àwọn kan, pàápàá ọkùnrin tó ti dàgbà tó sì ti mu sìgá rí, ògiri iṣan yẹn máa ń rọ̀, á sì máa wú síta díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni. Lọ́jọ́ tó bá bẹ́ ni wọ́n á máa sọ pé, "A ṣì ríra lánàá ni o."

Mọ́mì ní, "Kí ló ń mú un rọ̀?"

Mo ní ìyẹn gan-an la ń wá. Mo ní gbogbo ara wa, látorí dé àtàǹpàkò, èròjà tíntìntín ló para pọ̀ dà á, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni jíìnì wà, ìyẹn ìwé ìlànà ara, odindi, ti ojú ò yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀. "Mọ́mì, ṣebí odindi Bíbélì ni gbogbo wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé odindi la máa ń kà?" Wọ́n ní rárá o, ibi tí pásítọ̀ bá ní ká ṣí ni. Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Ojúewé tí ara bá ṣí ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá pa dé dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nígbà èwe, àwọn tó wà nínú ògiri iṣan máa ń ṣí ojúewé tó ní kí wọ́n di ògiri mú. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, tí èéfín sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún kún un, wọ́n lè pa ojúewé yẹn dé, kí wọ́n ṣí òmíì tó ní kí wọ́n máa jẹ ògiri tí wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ojúewé tó wà ní ṣíṣí. Mọ́mì ronú sí i. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ lè bá wọn pa á dé?" Mo ní a ò tíì lè ṣe é. Wọ́n ní, "Ẹ máa gbìyànjú," wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n sọ. Nílùú yìí, tí ọkùnrin bá pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, lẹ́tà á wá bá a nílé pé kó wá ya àwòrán ikùn rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí iṣan bá ti ń wú, wọ́n á rí i, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ló ń fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, ohun tó wà nínú ìwé ni kọ̀ǹpútà sì mọ̀. Lọ́dún tí Dádì pé márùndínláàádọ́rin ní tòótọ́, lábù mìíràn ni mo wà, èmi náà ò mọ̀ pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí mo wá mọ̀, mo sọ fún wọn. Dádì ní, "Tí àkókò mi bá tó, wọ́n á pè mí."

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni a rí i. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun, Dádì na ara wọn sórí àga gígùn nínú fúláàtì wọn lẹ́bàá Tavy Bridge, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé rìmóòtù lé ikùn. Mo rí i pé rìmóòtù ń mì. Ó ń sọ kúlú, kúlú, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ìka kàn án láti ìsàlẹ̀. Mo ní, "Dádì, kí lẹ ń fi ikùn yín ṣe?" Wọ́n wo rìmóòtù náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ mélòó kan. Ọkàn mi ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá oúnjẹ."

Mo gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ mi ti mọ̀ kí orí mi tó mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé bàbá òun ní ohun tí òun ń rí lójoojúmọ́ nínú ike lábù, ó yẹ kí ó ké, àbí kí ó jókòó. Èmi ò ṣe ìkankan. Mo ní kí Dádì jẹ́ ká lọ rí GP, dókítà àdúgbò wa, lọ́la, ohùn mi ò sì yí padà. Mo bá wọn wo bọ́ọ̀lù náà tán. Títí di òní, mo mọ iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni GP náà. Ó fọwọ́ tẹ ikùn Dádì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè bóyá Dádì ti mu sìgá rí. Dádì, díákónì, ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé kì í mu nǹkan kan ju Malta lọ, ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn mu ún fún ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀yìn gáréèjì l'Ékòó ni àwọn ti ń mu ún. Mọ́mì yíjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ni GP wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, àbí?"

Mọ́mì fi Yorùbá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ sọ fún un."

Dádì ní, "Mo ti sọ fún un. Ọdún mẹ́tàlá."

"Kì í ṣe ti sìgá."

Dádì yíjú sí GP, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. A jáde síta, a wọ bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí a jókòó ni wọ́n tó ní, "Ẹ lè jẹ́wọ́ sìgá." Dádì ní, "Sìgá ò lè gba páàsípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi." Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn, ìgbà yẹn ni mo sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Wọ́n ya àwòrán ikùn Dádì. Iṣan ti wú kọjá ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ní ọjọ́ tí Dádì lọ fọwọ́ sí ìwé, nọ́ọ̀sì kan béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí àwọn gé díẹ̀ nínú ògiri iṣan náà fún ìwádìí. Lábù wa ló ń lọ. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé bàbá mi wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀gá mi sì ní kí n má fọwọ́ kan ike tó bá ti ilé ìwòsàn náà wá lọ́sẹ̀ yẹn. Dádì mú bírò dání, wọn ò tíì kọ nǹkan. Wọ́n wò mí. "Tí wọ́n bá wo ẹran ara mi báyẹn, ṣé wọ́n á mọ ọjọ́ orí mi?"

Mo ní, "Wọn ò ní kọ orúkọ yín sí i, Dádì. Nọ́ńbà ni."

Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n fi páìpù kan tí wọ́n fi aṣọ ṣe rọ́pò ibi tó wú, Dádì sùn, wọ́n jí, wọ́n béèrè ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì wọn. Mọ́mì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà pè wá. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kéré sí irú èyí tó le tó báyìí, ó lè jẹ́ pé ó wà nínú ìdílé. Ó ní kí Dádì fún wọn lẹ́jẹ̀ fún àyẹ̀wò jíìnì, kí èmi àti àbúrò mi sì wá ya àwòrán iṣan tiwa náà. Ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ sí tiwa ní lábù. Àwa ń wo ojúewé tó ṣí. Àwọn ń wá ojúewé tí àṣìtẹ̀ wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, èyí tí bàbá lè gbé lé ọmọ lọ́wọ́ láì mọ̀. Àwòrán èmi àti àbúrò mi mọ́, ṣùgbọ́n dókítà ní ìyẹn ò tíì fi gbogbo ara dá wa sílẹ̀, àfi tí èsì ẹ̀jẹ̀ Dádì bá dé, ó sì lè pẹ́.

Lójú mi, kò sí ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé àgbà ni Dádì, mo sì mọ̀ pé wọ́n mu sìgá. Àbúrò mi ò mọ èkínní. Ohun tó gbọ́ ni pé ikú ojijì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Túsìdeè àti Sátidé, kò gbá a mọ́. Tí ó bá bá Mọ́mì ra ìrẹsì, ó máa ń bẹ ẹlòmíì pé kó bá òun gbé e. Ó ní òun máa ń gbọ́ ọkàn òun lórí ìrọ̀rí. Gbogbo nǹkan yìí, ó máa ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, èmi á máa sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n", bí ẹni tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ eyín tí ètè rẹ̀ ò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Ó sì ti ní àfẹ́sọ́nà. Ilé àwọn òbí ọmọbìnrin náà wà ní Abbey Wood, a ti lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbà wá, wọ́n ti wádìí wa délé-délé: wèrè ńkọ́, wárápá ńkọ́, genotype ńkọ́. Kò sẹ́ni tó ronú kan iṣan. Bàbá ìyàwó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Lọ́jọ́ náà, àwọn ló jókòó sórí àga ńlá, tí Dádì tó jù wọ́n lọ jókòó sórí èyí tí wọ́n gbé wá láti kíṣìnnì, tí Dádì sì ń pè wọ́n ní "ẹ̀gbọ́n" ní gbogbo ìgbà tó bá lanu. Mọ́mì ń wo ilẹ̀.

Àbúrò mi kì í lè fi nǹkan pamọ́. Ó sọ fún ọmọ náà, ọmọ náà sọ fún màmá rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí bàbá rẹ̀ ti fóònù. Wọ́n fi sùúrù sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò kọ̀ wá o, ṣùgbọ́n àrùn ìdílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ẹ jẹ́ kí èsì dé ná. Wọ́n yẹ ọjọ́ ìdána. Ọmọ náà ní òun máa dúró. Àbúrò mi ní kí ó má dúró. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ Sátidé òun máa lọ bá àwọn òbí ọmọ náà, òun máa dá a sílẹ̀ fún wọn, kó lọ fẹ́ ẹni tí kò ní ṣubú sí i lọ́wọ́. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹbí wa ni, a mọ bí a ṣe ń sọ nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá Mọ́mì. Mọ́mì ní, "Má dá sí i. Ẹni tó gé e ló lè lẹ̀ ẹ́ padà." Wọ́n ní àwọn ti bẹ Dádì, Dádì ní èsì á dé, á sì dára, kí ni ká wá máa pariwo ọjọ́ orí sí.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni a ṣe ìpàdé ní lábù. Àwòrán kan wà tí a máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Oníkálukú tó fún wa ní ẹran ara jẹ́ àmì róbótó kan, àwọn tí ojúewé kan náà ṣí nínú ògiri iṣan wọn á sì sún mọ́ra. Kò sí orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà àti ọjọ́ orí nìkan ló wà. Ọ̀gá mi fi ìka kan ọ̀kan. Ó ní, "Èyí ló kéré jù nínú gbogbo wọn, ẹ wo ibi tó bọ́ sí. Àárín àwọn tó ti súnmọ́ àádọ́rin." Ẹnì kan ní ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì, ká yọ ọ́ kúrò. Ọ̀gá mi ní rárá, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ́ tí ògiri rẹ̀ gbó ni, ká tún un wò. Ó ní àmì kan ṣoṣo ò tó sọ.

Kò sí ẹlòmíì tí kò tíì pé ọgọ́ta nínú àwọn àmì yẹn. Mo mọ ẹni tó ni ín. Mo ń wò ó, róbótó kékeré kan, ó jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gbọ́n. Ó dùn mí. Láti ọjọ́ rìmóòtù, ìgbà yẹn ni nǹkan kọ́kọ́ dùn mí. Mo kọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ.

Dádì ti ń rìn dáadáa nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo mú wọn lọ sí ọjà Beresford Square, torí dókítà ní kí wọ́n máa rìn, wọ́n sì fẹ́ ra ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ná ìbọ̀sẹ̀ náà bí ẹni ń ra ilẹ̀. Nígbà tí a jókòó, mo ní, "Dádì, ẹ bi mí nígbà kan bóyá ẹran ara yín á sọ ọjọ́ orí yín. Ó ti sọ ọ́."

Wọn ò wò mí. Wọ́n ń wo àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì. "Kí ló wí?"

"Ó ní àgbà ni yín. Wọ́n fẹ́ yọ yín kúrò torí ẹ ò bá ìwé yín mu."

Wọ́n ká ìbọ̀sẹ̀ náà, wọ́n tún tú u. Wọ́n ní, "Ara ò bá mi lọ sí kọ́ọ̀tù."

Mo ní tí wọ́n bá sọ òótọ́ fún dókítà, dókítà á mọ̀ pé iṣan àgbà tó mu sìgá ni, ẹ̀rù á sì dín kù lórí àwa ọmọ. Mo sọ fún wọn pé àbúrò mi ń lọ dá ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò tíì gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ní, "Páàsípọ́ọ̀tù ńkọ́?" Mo ní mi ò mọ̀, torí mi ò mọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Sọ fún màmá ẹ kó bá mi lọ aṣọ funfun yẹn."

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la lọ sí Abbey Wood lọ́jọ́ Sátidé. Àbúrò mi rò pé a ń sin òun lọ bẹ̀bẹ̀ ni. Bàbá ìyàwó jókòó sórí àga ńlá, wọ́n gbé ti kíṣìnnì fún Dádì. Àbúrò mi ti lanu láti sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ wá, Dádì gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò ní àrùn ìdílé. Èmi ni mo dàgbà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Ohun tí ìwé sọ, èmi ni mo gé e."

Àbúrò mi wò mí, ó rí i lójú mi pé mo ti mọ̀, ó gbé ojú kúrò. Dádì ní àwọn ti fi fóònù sọ fún dókítà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní dókítà ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà, irú rẹ̀ ni àwọn máa ń rí lára àwọn ẹgbẹ́ wọn, kí àwọn ọmọ ṣáà má mu sìgá, kí wọ́n sì lọ ya àwòrán tí àwọn náà bá dàgbà.

Bàbá ìyàwó dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé wa ni. Wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fọwọ́ han àga ńlá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí, sà. Ẹ̀yin lẹ wá ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n." Dádì kọ̀, wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n pààrọ̀ àga. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó, bàbá ìyàwó rẹ ohùn sílẹ̀: "Mélòó lẹ gé?"

Dádì ní, "Méjìlá."

Bàbá ìyàwó mirí. Wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Mẹ́rin ni tèmi. Ẹ ṣì jù mí lọ." Mọ́mì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána padà.

Àbúrò mi ló wa ọkọ̀ wa lọ sílé. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, mo sì rò pé ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Harrow Manorway, iná pupa dá wa dúró. Ó ń wo Dádì nínú díńgí. Ó bi Dádì, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí kì í fi "ẹ" sí, "Daddy, lẹ́tà yẹn, ti ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó yẹ kí wọ́n ti pè ẹ́ tipẹ́. Wọn ì bá ti rí i nígbà tó ṣì kéré. O ò mọ̀ pé ó wà ni?"

Mọ́mì ní, "Jẹ́ ká délé ná."

Dádì ní, "Mo mọ̀." Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí àwọn ń fi bọ́ọ̀sì gbé, ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, lẹ́tà náà dé sí i, kò sì lè dá rìn. "Mo gbé e lọ. Mo tì í wọlé. Mo dúró tì í, wọ́n fi nǹkan tútù pa á ní ikùn, wọ́n wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bi mí, ó ní, 'Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti tó márùndínláàádọ́rin? Ẹnikẹ́ni ò sí níta, gun orí bẹ́ẹ̀dì kí n wò ẹ́.'"

Àbúrò mi ní, "Kí lo sọ?"

"Mo ní ó ku ọdún méjìlá."

Iná ti di àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ wa ò lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa fun fèrè, ó tún fun ún.

Dádì ní, "Ó ní mo ṣì kéré. Ó bu tíì fún mi. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, mo mu ún tán."